Jeni LeGon, Oníjó tí a Fún ní Iṣẹ́ Ọmọ-ọ̀dọ̀

Ní ọdún 1740, àwọn aṣòfin South Carolina, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣe òfin tí ó ka ìlù léèwọ̀ fún àwọn ẹrú. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ẹrú kan ti dìtẹ̀ létí odò Stono. Wọ́n ń lu ìlù bí wọ́n ti ń lọ, àwọn ẹlòmíràn sì ń gbọ́, wọ́n ń bá wọn pé. Ẹ̀rù ba àwọn olówó wọn, wọ́n sì gba ìlù lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn? Àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀nyí ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, wọ́n sì fi ara wọn ṣe ìlù. Nígbà tí ó pẹ́, ijó wọn pàdé ijó àwọn ará Ireland àti ti àwọn ará Ìlú Ọba, àwọn náà tí ń fi bàtà líle lu pákó. Láti inú ìpàdé yìí ni ijó tí à ń pè ní tap ti jáde wá. A kan irin pẹlẹbẹ mọ́ iwájú àti gìgísẹ̀ bàtà, kí ìró rẹ̀ lè dún ketekete. Oníjó bàtá wa a máa fi ẹsẹ̀ dá ìlù lóhùn. Oníjó tap a máa fi ẹsẹ̀ ṣe ìlù fúnra rẹ̀.

Obìnrin kan wà nínú àwọn ọ̀gá ijó yìí tí a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mọ ìtàn rẹ̀. Jeni LeGon ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ìlú Chicago ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1916. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni í ṣe tí ó fi wọ ẹgbẹ́ àwọn arábìnrin Whitman, àwọn ọmọ oníwàásù kan ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ẹgbẹ́ eré wọn lókìkí káàkiri Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ wọnnì, yẹ̀rì ni àwọn obìnrin oníjó a máa wọ̀, wọn a sì fi ijó tí ó le sílẹ̀ fún ọkùnrin. LeGon wọ ṣòkòtò. Ó ń tàkìtì, ó ń dúró lórí ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tí ọkùnrin ń ṣe nínú ijó náà tí òun kò dán wò.

Ní ọdún 1935, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 19, ilé-iṣẹ́ RKO ní Hollywood fi í sínú sinimá tí a ń pè ní Hooray for Love. Ó ṣe ọmọbìnrin tí a lé jáde nílé, tí ẹrù rẹ̀ wà ní ìta gbangba. Bill Robinson, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí baba ijó tap, wá tù ú nínú, Fats Waller náà wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ òpópó náà di ibi ayọ̀. Ní ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ Metro-Goldwyn-Mayer bá a ṣe ìwé àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́. A ròyìn pé owó rẹ̀ jẹ́ 1,250 dọ́là ní ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ lọ́wọ́ rí.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. A ti ń múra láti fi í sínú sinimá Broadway Melody of 1936, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà mú Eleanor Powell, obìnrin aláwọ̀ funfun tí òun náà ń jó tap. A kò gbọdọ̀ bu Powell kù: ọ̀gá ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí LeGon fúnra rẹ̀ ti ròyìn ní ìgbà ogbó rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà rò pé oníjó tap obìnrin méjì ti pọ̀ jù, òun ni wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó kọjá sí London, ó jó níbẹ̀ nínú eré Follow the Sun ní ọdún 1936, àwọn ènìyàn sì yìn ín púpọ̀.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí a kò fi rí àyè fún un? Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Ní gúúsù Amẹ́ríkà ní àkókò náà, òfin ya dúdú kúrò lára funfun ní ilé-ìwé, nínú ọkọ̀ àti ní ilé eré. Àwọn tí ń ṣe sinimá bẹ̀rù pé àwọn onílé eré ibẹ̀ kì yóò gba àwòrán tí dúdú àti funfun ti jẹ́ ọgbọọgba; nítorí náà wọn a máa fi ijó àwọn aláwọ̀ dúdú sí apá kan lọ́tọ̀, kí a lè gé e kúrò láìba ìtàn jẹ́. Bákan náà, òfin tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí pa mọ́ gidigidi ní ọdún 1934 ka ìfẹ́ láàárín dúdú àti funfun léèwọ̀ nínú àwòrán. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú sinimá olórin, ẹni tí a ń fẹ́ ni a ń fi ṣe ààyò. Ipò ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó ṣẹ́kù.

Ipò náà ni LeGon sì gbà, ó sì gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ó rí àyè díẹ̀ láti jó nínú Ali Baba Goes to Town ní ọdún 1937. Ó ṣeré nínú àwọn sinimá tí a ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú, bí Double Deal ní 1939 àti Hi-De-Ho ní 1947. Ní ọdún 1948, ọdún 13 lẹ́yìn ìwé àdéhùn rẹ̀, ó padà sínú sinimá Metro-Goldwyn-Mayer, èyíinì ni Easter Parade. Ann Miller jó tap nínú rẹ̀, ó sì jó o dáadáa. LeGon ni ìránṣẹ́bìnrin tí ń tọ́jú ẹni tí Miller ṣe nínú ìtàn náà. A kò ní kí ó jó.

Ní ọdún 1969, ó tẹ̀dó sí ìlú Vancouver ní Kánádà, ó sì di olùkọ́ ijó. Àwọn ọmọdé àti àgbà wá kọ́ ìṣísẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1999, Ìgbìmọ̀ Sinimá ti Kánádà ṣe àwòrán ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ìran tuntun sì wá mọ orúkọ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2012, ẹni ọdún 96.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá kà á nínú ìwé pé iṣẹ́ ẹnìkan kò pẹ́, ẹ má ṣe yára sọ fún àwọn ọmọ pé agbára rẹ̀ ni kò tó. Ẹ kọ́ wọn láti béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ LeGon kò yẹ̀ láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn tí ó kọ́ sì gba ìṣísẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ kankan.