Láti Ọ̀fun Aláìsàn dé Ara Mọ́tò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ pẹ́ńtà mọ́tò ládùúgbò yín, ṣé ẹ mọ̀ pé dókítà ló bẹ̀rẹ̀ irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Allen DeVilbiss, dókítà ọ̀fun ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, ló ń wá bí òun á ṣe máa fọ́n oògùn sọ́fun aláìsàn, kóun má tún máa ti òwú bọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó rí i ṣe, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1888. Thomas, ọmọ rẹ̀, dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìgò lọ́fínńdà, irú èyí tí wọ́n ń tẹ rọ́bà rẹ̀ kí òórùn dídùn tó tú jáde. Ní 1907, Thomas sọ ọgbọ́n yẹn di ìbọn ọ̀dà, èyí táwọn pẹ́ńtà wa ń pè ní gun lásán.

Ṣùgbọ́n mọ́tò ò tíì nílò rẹ̀ púpọ̀ nígbà yẹn. Bí wọ́n ṣe ń kun kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń kun mọ́tò. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á fá a kó dán, wọ́n á tún kùn ún. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè lọ sórí mọ́tò kan ṣoṣo. Henry Ford ní tiẹ̀ gbájú mọ́ dúdú nìkan láti 1914 sí 1925, ó ń fi iná yan ọ̀dà náà kó lè tètè gbẹ.

Duco ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ilé iṣẹ́ DuPont àti General Motors ló jọ ṣe ọ̀dà yìí, mọ́tò Oakland ti ọdún 1924, aláwọ̀ búlúù, ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde. DuPont ti ń ta ẹ̀tù ìbọn látọjọ́ pípẹ́, Duco náà sì bá ẹ̀tù tan: nitrocellulose ni wọ́n fi ṣe é. Kíá ló ń gbẹ. Bẹ́ ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, kẹ́ ẹ tó fà á dé òdìkejì ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ti ń lẹ̀. Ìbọn nìkan ló lè bá a sáré. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ford fúnra rẹ̀ padà sí àwọ̀ oríṣiríṣi.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti di iṣẹ́ etí àti ojú. Ìbọn ní ibi tí wọ́n ti ń yí ọ̀dà, ibi tí wọ́n ti ń yí bó ṣe máa fẹ̀ tó, àti atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Pẹ́ńtà tó gbọ́n kì í kọjú ìbọn sí mọ́tò lákọ̀ọ́kọ́. Á lẹ pépà mọ́ ògiri, á dúró bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, á fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá wà lára pépà ló máa sọ̀rọ̀. Bí ọ̀dà bá pọ̀ láàárín, tí ẹ̀gbẹ́ ò rí nǹkan, atẹ́gùn kéré tàbí ọ̀dà ti ki jù. Bí àárín bá ṣófo tó wá rí bí nọ́ńbà 8, atẹ́gùn ti pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí oṣù tuntun, ihò kan ti dí lẹ́nu ìbọn. Àbẹ́rẹ́ irin ò yẹ kó kan ibẹ̀, tínà àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fo pépà yìí á rí èsì rẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì oníbàárà: ojú ọ̀dà á rí bí èèpo ọsàn, tàbí kó máa ṣàn bí omijé.

Ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà kàn ń ṣí atẹ́gùn gbuuru ni, torí ó ń jẹ́ kí ọ̀dà fọ́ wẹ́wẹ́ kó sì dán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibo ni ìyókù ń lọ? Pẹ̀lú ìbọn àtijọ́, ọ̀dà tó ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́ lè ju èyí tó lẹ̀ mọ́ mọ́tò lọ. Afẹ́fẹ́ ìlú Los Angeles ti burú débi pé lẹ́yìn 1980 àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ṣòfin lé àwọn pẹ́ńtà lórí. Ìbọn tí wọ́n ń pè ní HVLP ló gba ipò: atẹ́gùn púpọ̀, agbára díẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ ju 10 psi lọ lẹ́nu ìbọn.

Òfin yẹn, afẹ́fẹ́ ìlú ló ń rò. Èmi ń ro ti ọmọ iṣẹ́. Ọ̀dà òde òní tí wọ́n ń po mọ́ hádínà ní isocyanate nínú, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń fa ikọ́ fée fún òṣìṣẹ́ káàkiri ayé. Bó bá ti wọ ẹnìkan lára tán, ìwọ̀nba kékeré á máa dí i lémìí. Aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ imú ní ṣọ́ọ̀bù wa ò lè dá a dúró. Kódà ìbòmú tó ní fílítà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó yẹ, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ fílítà rẹ̀. Irinṣẹ́ tí dókítà ṣe láti gbé oògùn lọ sọ́fun èèyàn ló wá ń gbé ìyẹn lọ síbẹ̀.

Ọ̀gá tó bá kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti dín atẹ́gùn kù, kó sì súnmọ́ ara mọ́tò dáadáa, ti fi owó ọ̀dà sápò ara rẹ̀. Ìkùukùu tó máa ń bo ṣọ́ọ̀bù náà á sì dín kù, débi pé ẹni tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ á lè rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.