Ibùso, Èèkàn, Ààlà: Orúkọ fún Ẹ̀yà Ara Gìtá Kékeré

Gìtá kékeré tí àwọn akọrin àdáyébá Amẹ́ríkà fẹ́ràn, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Martin ń ṣe ní Nazareth, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò ṣòro pè: gìtá ni. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ló ń wá orúkọ.

Ara ènìyàn yá a ní púpọ̀: orí, ọrùn, èjìká, ìhà, ẹ̀yìn, àti ìbàdí níbi tó ti fún wọnú. Àyà ni pákó spruce fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá ta okùn. Ìhà àti ẹ̀yìn lè jẹ́ mahogany, ìbátan ọ̀gànwó. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ara wọn lábẹ́ àyà, kí okùn má baà fà á ya, ni ìgbárùkù.

Ẹni tó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì yóò pe ibi tí okùn ti so mọ́ àyà ní afárá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ibùso ló bá a mu: okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà so síbẹ̀ bí ewúrẹ́. Níbi tí ibùso bá wà, èèkàn kò jìnnà. Òun ni wọ́n ń yí lórí gìtá kí okùn le tàbí kó dẹ̀. Irin tó dábùú ọrùn ni ààlà, nítorí ó ń pín ohùn bí wọ́n ṣe ń pín oko. Lára gìtá àtijọ́, ààlà kejìlá ni ọrùn ti ń pàdé ara. Nǹkan bí ọdún 1930 ni ti ààlà kẹrìnlá bẹ̀rẹ̀ sí í gbòde.

Òdo ni Martin fi ń sọ ìtóbi: ìdí gìtá 0 fẹ̀ tó ínǹṣì 13 àbọ̀, 00 lé díẹ̀ ní 14, 000 sì tó 15. «Gìtá olódo méjì» ìbá rọrùn, àmọ́ ọmọ iléèwé tó gbódo ni olódo, èébú sì nìyẹn fún irú 0-45 ọdún 1929 tí akọrin Joan Baez lò. Kó jẹ́ «gìtá òdo méjì». «Omele gìtá» náà kò bá a mu. Omele ń tẹ̀lé ìyá ìlù, gìtá yìí sì sábà máa ń dá gbé orin.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ló le jù láti sọ. Àlòkù rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tòkunbọ̀ sì ń rán ni létí ọkọ̀. Ògbólógbòó ló sún mọ́ ọn: ó pẹ́, ó sì gbó dáadáa. Wọ́n ń lò ó fún olè lóòótọ́, ṣùgbọ́n gìtá tí àyà rẹ̀ ti pọ́n bí oyin, tí èékánná ti ha ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ títí tó fi funfun, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í gbọ́.