Tibi-Tire Inú Ẹ̀jẹ̀

Àwọn àgbà ní tibi tire ni a dá ilé ayé. Ìtàn G6PD, ẹ́ńsáìmù kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà.

Ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Chicago bẹ̀rẹ̀ sí dán oògùn ibà wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Stateville, ní Illinois, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà yọ̀ǹda ara wọn ni. Ṣùgbọ́n irú ìyọ̀ǹda wo ni ẹni tí a tì mọ́lé lè ṣe? Nígbà tí ó kan oògùn primaquine, ìtọ̀ díẹ̀ nínú àwọn adúláwọ̀ tí ó lò ó di dúdú, ojú wọn pọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń dín kù.

Ṣé ara wọn ni ó ń ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó ní àlébù? Ní 1954, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àwọn tí oògùn náà ń ṣe ní ibi sára àwọn tí kò ṣe ní nǹkan kan. Bí wọ́n ti lo oògùn, ẹ̀jẹ̀ àlejò nìkan ni ó bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n yí i padà, ẹ̀jẹ̀ tí ó pé kò bàjẹ́ lára àwọn tí oògùn náà ń ṣe ní ibi. Ní 1956, Carson, Flanagan, Ickes àti Alving rí ìdí rẹ̀: G6PD kò tó nínú hóró pupa ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ́ńsáìmù yìí ni kì í jẹ́ kí hóró náà bàjẹ́ bí irin ti ń dógùn-ún. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àlébù náà.

Èéṣe, nígbà náà, tí irú ogún bẹ́ẹ̀ kò fi parun? Láàrin Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni ó ní i. Ìbàdàn ni ẹ̀rí tí ó lágbára ti wá. Ní 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí ibà ń ṣe wò, àwọn tí ó jogún àlébù náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Oríṣi hóró méjì ni ó wà lára irú obìnrin bẹ́ẹ̀: èyí tí ó pé àti èyí tí kò pé. Ara kan náà ni, ibà kan náà ni. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé oúnjẹ tàbí ibùgbé ni ó fa ìyàtọ̀. Kòkòrò ibà tí wọ́n kà nínú hóró tí ó pé jẹ́ ìlọ́po 2 títí dé 80 ti inú hóró tí kò pé.

Àlébù náà, ààbò ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ibi rẹ̀ kò tíì lọ. Káńfọ̀ tí a fi sáàrin aṣọ ọmọ tuntun lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó jogún rẹ̀ jẹ́, kí ara rẹ̀ pọ́n, kí àrùn náà sì dé ọpọlọ. Kí ìyá má ṣe fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Kí oníṣègùn sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ó tó fún ènìyàn ní primaquine.