Ẹyẹlé Tó Mọ Ọ̀nà Ilé: Bí Àwọn Ará Bẹ́ljíọ̀mù àti Faransé Ṣe Ń Kọ́ Ẹyẹlé

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1870 títí di òpin oṣù Kìíní ọdún 1871, àwọn ọmọ ogun Prọ́ṣíà yí ìlú Paríìsì ká, wọ́n sé e mọ́ pátápátá. Ẹyẹlé tí a tú sílẹ̀ láti ìta kí wọ́n gbé ìwé wọ ìlú náà lé ní 300. Àwọn tó dé ilé kò ju nǹkan bí 60 lọ. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí a máa yin àwọn 60 náà gidigidi, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò dé ni àwa fẹ́ bèèrè. Kí ló dá wọn dúró? A kò lè dáhùn ìbéèrè yìí láìkọ́kọ́ mọ bí a ti ń kọ́ ẹyẹlé.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló rò pé a lè rán ẹyẹlé lọ sí ibikíbi, bí ìgbà tí a bá ní kí ọmọ gba Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ kó jíṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹyẹlé mọ̀, ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Àwọn baba wa kò ṣì í pè nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní ẹyẹ ilé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn ẹyẹlé Paríìsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde ní Paríìsì kí wọ́n tó lè padà síbẹ̀. Àwọn tó ń sìn wọ́n fà wọ́n kalẹ̀, a kó wọn sínú bàlúùnù, èyíinì ni àpò ràgàjì tó kún fún gáàsì, atẹ́gùn sì gbé wọn kọjá lórí àwọn ọ̀tá. Wọ́n dé Tours, níbi tí apá kan ìjọba ti lọ fìdí sí. Ayàwòrán kan, René Dagron, tí òun náà fi bàlúùnù jáde ní oṣù Kọkànlá, ló ń fi fọ́tò sọ ìwé di bín-ín-tín, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ fi wọ inú pélébé kan tí a lè ká, kí a sì so mọ́ ìrù ẹyẹ. Bó bá dé Paríìsì, wọn a fi iná tàn án sára ògiri, àwọn akọ̀wé a sì dà á kọ. Ẹ̀dà iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ, torí wọ́n ti mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn yóò sọnù.

Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1850, nígbà tí wáyà tẹligíráfù kò tí ì so Aachen pọ̀ mọ́ Brussels, ẹyẹlé 45 ni Paul Julius Reuter fi ń gbé ìròyìn ọjà owó láàárín ìlú méjèèjì. Kò pẹ́ tí wáyà dí àlàfo náà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹyẹ. Ibi tí iṣẹ́ parí sí ni eré ìje ti gbilẹ̀, pàápàá láàárín àwọn tálákà: àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àti àwọn awakùsà èédú ní Bẹ́ljíọ̀mù àti àríwá Faransé, níbi tí wọ́n ti ń pe olùsìn ẹyẹlé ní *coulonneux*.

Ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ kí ẹyẹ tó lè fò. Nígbà tí ọmọ ẹyẹlé bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, a ó fi òrùka tó ní nọ́ńbà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Bí a bá fi falẹ̀, ẹsẹ̀ á ti tóbi jù. Bó bá sì ti wọlé lákòókò, kò ní bọ́ mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ó gbà á lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀. A ó fi sínú àgò onírin lórí òrùlé, kó máa wo sánmà, kó wo igi, kó sì wo òrùlé aládùúgbò, títí tí àwòrán ibẹ̀ yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa fò yí ilé ká lójoojúmọ́. A kì í bọ́ ọ yó kó tó fò. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, olùsìn a mi agolo ọkà, ohùn agolo náà a sì di òfin fún ẹyẹ: bó bá ti gbọ́ ọ, inú ilé ló yẹ kó wà.

Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ agolo yìí ló ṣe pàtàkì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àlejò kì í kà á sí. Ìje kò parí nígbà tí ẹyẹ bá fojú kan ilé. Ó di ìgbà tó bá wọlé, tí a sì bọ́ rọ́bà ìje lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí a sọ ọ́ sínú aago tó ń tẹ àkókò sílẹ̀. Ẹyẹ tó sáré bí ìjì, tó wá bà lórí òrùlé tó ń tún ìyẹ́ ṣe, ti pàdánù. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ka òrùka náà bí ẹyẹ bá ti ń tẹ ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n agolo kò tí ì kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni apẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń sùn nínú apẹ̀rẹ̀ láàárín èrò, kó sì mọ̀ bí a ti ń mu omi níbẹ̀. A ó gbé e lọ sí kìlómítà 5, a ó tú u sílẹ̀; lẹ́yìn náà 10, 20, 40, lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, níkọ̀ọ̀kan nígbà tó bá yá, kó má baà di ọmọ ẹ̀yìn ẹyẹ mìíràn. Ìhà tí ìje yóò ti wá ni a ń gbé e lọ. Nítorí pé láti gúúsù, láti inú ilẹ̀ Faransé, àní láti Barcelona pàápàá, ni àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ti ń tú ẹyẹ sílẹ̀, ọ̀nà gúúsù ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń gbéra, ṣùgbọ́n ilé wọn kò jìnnà bákan náà. Nítorí náà a ó pín ọ̀nà sí ìṣẹ́jú, ẹni tí mítà rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan bá pọ̀ jù ló gbégbá orókè. Bí ojú ọjọ́ bá dára, ẹyẹ gidi a máa ju mítà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀nà kan tún wà tí Faransé ń pè ní *veuvage*, ìyẹn ìṣe opó. Orúkọ náà kò dùn létí Yorùbá, nítorí kò sí ẹni tó kú. Wọn a jẹ́ kí akọ àti abo gbé pọ̀, kí wọ́n tọ́ ọmọ, lẹ́yìn náà wọn a yà wọ́n. Ní ọjọ́ tí akọ ń lọ sí ìje, wọn a fi abo hàn án fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọn a sì gbé e lọ. Bó bá dé, abo ni yóò bá nílé. Àwọn kan ní ìwà ìkà ni. Àwa kò rí ìkà nínú ìyapa náà tó bí a ti rí i nínú títú ẹyẹ sílẹ̀ lójú ọjọ́ tí kò dára, tí olówó ẹyẹ sì mọ̀.

Níbí ni a ti rí ìdáhùn nípa àwọn ẹyẹlé Paríìsì. Ìgbà ìrúwé àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò ìje ní Yúróòpù. Àwọn wọ̀nyí fò nínú òtútù, nígbà tí ọjọ́ kúrú, tí kùrukùru bo ilẹ̀. Ní ọdún 1971, William Keeton ti Amẹ́ríkà fi hàn pé bí òrùn bá wà lójú ọ̀run, ẹyẹlé tí a so irin òòfà mọ́ ṣì ń mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo òrùn, ó lè ṣìnà. Òrùn àti agbára òòfà ilẹ̀ ni wọ́n jọ ń tọ́ ọ sọ́nà. Èyí tó tún burú ni pé bí ọ̀tá ti ń tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ibi ìtúsílẹ̀ ń jìnnà sí Paríìsì. Bàlúùnù ti gbé ẹyẹ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí 5, láìsí 10, láìsí 20.

Àwọn ológun gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Nígbà ogun 1914 sí 1918, ogun tí àwọn ọmọ Dàhómẹ̀ wa náà bá wọn jà nínú ẹgbẹ́ *tirailleurs*, àwọn Faransé ní ilé ẹyẹlé tí ọkọ̀ ń gbé kiri. Ilé náà fúnra rẹ̀ ni ẹyẹ ń kọ́ láti mọ̀. Bí a bá ṣí i lọ síbòmíràn, a ó jẹ́ kí wọ́n wo àyíká ibẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní odi Vaux lẹ́bàá Verdun, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1916, Kọ̀máńdà Raynal tú ẹyẹlé rẹ̀ tó kẹ́yìn sílẹ̀ láti bèèrè ìrànlọ́wọ́. Ẹyẹ náà la èéfín olóró kọjá, ó sì dé Verdun. Ìrànlọ́wọ́ kò lè dé odi náà. Òùngbẹ ló mú kí Raynal juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7. Ẹyẹ ti ṣe ipa tirẹ̀. Ère ìrántí àwọn ẹyẹlé ogun wà ní Brussels, òmíràn sì wà ní Lille.

Lóde òní, owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n ta abo ẹyẹlé Bẹ́ljíọ̀mù kan, New Kim, fún ẹnì kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ní mílíọ̀nù 1.6 owó yúrò, èyí tó lé ní bílíọ̀nù kan fráǹkì CFA. Ẹni tó rà á kò lè fi í díje. Bó bá tú u sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, Bẹ́ljíọ̀mù ni yóò kọrí sí. Inú àgò ni yóò máa gbé, tí yóò máa bí ọmọ, àwọn ọmọ náà ni a ó sì gbé sórí òrùlé tuntun kí wọ́n máa wo sánmà ibẹ̀.