Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ààbò Omi Ọ̀sà Àgbádárìgì: Àyẹ̀wò láti Etí Omi Topo

Ọ̀sà Àgbádárìgì, tí àdúgbò Topo, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wà létí rẹ̀, kì í ṣe omi ìlú kan ṣoṣo. Láti ìwọ̀ oòrùn ni omi ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Láti àríwá ni odò Yewa ti ń gbé omi Ìpínlẹ̀ Ògùn wá. Ní ìlà oòrùn, ó ṣàn títí dé Èkó, ibẹ̀ ló ti pàdé òkun. Gbogbo ilẹ̀ tí omi òjò rẹ̀ ń wọ́ wá sí ojú kan báyìí ni a lè pè ní agbada omi. Orílẹ̀-èdè méjì, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló jọ ni agbada yìí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ohun tí káńsù kọ̀ọ̀kan lè ṣe sí omi tí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí kò sì parí síbẹ̀.

Bí omi náà ṣe ń rìn

Odò Wẹ̀mẹ̀, tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní Ouémé, ló tóbi jù nínú àwọn odò tó ń bọ́ àwọn ọ̀sà wọ̀nyí. Ó gùn tó nǹkan bí 500 kìlómítà kó tó dé adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ní 1885, àwọn Faransé la ojú omi kan ní Kútọ̀nù, wọ́n sì ṣí Nokoué sí òkun. Láti ìgbà náà ni iyọ̀ òkun ti ń gba ibẹ̀ wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó ṣe ń gba ẹnu omi Èkó wọlé ní apá kejì. Tí Wẹ̀mẹ̀ bá wá kún ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, omi tí kò níyọ̀ á gbá iyọ̀ náà sẹ́yìn, apá kan rẹ̀ á sì gba Àgbádárìgì kọjá.

Ní 1984 ni ìṣàn yìí gbé àlejò kan dé. Àwọn apẹja ti mọ ojúoró àti òṣíbàtà tipẹ́, ṣùgbọ́n ewé olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń léfòó, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eichhornia crassipes, jẹ́ tuntun lójú wọn. Ó ti ìhà Bẹ̀nẹ̀ wọlé, ó bo ojú omi, ó dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì ń há mọ́ àwọ̀n. Omi oníyọ̀ ń pa á, nítorí náà ó ń kú lẹ́ẹ̀rùn, ó sì ń padà wá lójò. Bó bá ti ń jẹrà, ó ń fa afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí tán nínú omi. Nítírójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì tó ń ti ìgbẹ́, ìdọ̀tí àti ajílẹ̀ oko wọ omi sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ohun tí ìlú òkè bá dà sódò ń sọ ewé náà di púpọ̀ fún ìlú ìsàlẹ̀.

Ibi tí ẹ̀gbin ti ń wọlé

Ilé ni ẹ̀gbin ti kọ́kọ́ ń wá. Iyanrìn ni ilẹ̀ etí òkun Àgbádárìgì, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìn. Ohun tó bá wà nínú sàláńgá kì í pẹ́ dé kànga tó wà nítòsí. Ìlànà tí àwọn elétò ìlera ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé kí sàláńgá jìnnà sí kànga tó 30 mítà ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà kan àtààbọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ sí kòkòrò E. coli kankan nínú 100 mìlílítà omi mímu, nítíréètì kò sì gbọdọ̀ ju 50 mìlígíráàmù lọ nínú lítà kan.

Ọjà, ibi ìpẹran àti pàǹtírí ló tẹ̀ lé e. Náílọ́ọ̀nù àti ike tó bá dí gọ́tà ni òjò àkọ́kọ́ ń gbá lọ sínú ọ̀sà. Ilé iṣẹ́ ńlá ni ìkẹta. Ní Agbára, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ọgbà ilé iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ọ̀sà Ologe, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni omi ìdọ̀tí ibẹ̀ ń ṣàn sí, Ologe sì já sí omi Àgbádárìgì. Ìpínlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà wà yàtọ̀ sí ìpínlẹ̀ tí apẹja rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbin rẹ̀.

Agbára tí òfin fi lé káńsù lọ́wọ́

Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, omi ìdọ̀tí, kíkó pàǹtírí, ọjà, ibi ìpẹran àti gọ́tà sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Omi tó bá kan ìpínlẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ sì ti kéde bẹ́ẹ̀, wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìyẹn ni pé káńsù kò ní àṣẹ lórí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ó ní àṣẹ lórí ọ̀pọ̀ ohun tó ń ba ọ̀sà jẹ́. Àwọn wolé-wolé ni ọwọ́ tó fi ń lo àṣẹ yẹn: àwọn ló ń wọ àgbàlá, tí wọ́n ń wo sàláńgá àti kànga, tí wọ́n sì ń fún ẹni tó bá rú òfin ní ìwé ìkìlọ̀.

Káńsù nìkan kọ́ ló wà lórí pápá. LAWMA, àjọ tó wà fún pàǹtírí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ń bójú tó pàǹtírí, àwọn PSP, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, ló sì ń kó o. LASEPA, àjọ ààbò àyíká Ìpínlẹ̀ Èkó, ń ṣọ́ ilé iṣẹ́. Òfin àyíká Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2017 kó àwọn òfin àtijọ́ jọ sójú kan. Ní ìpele àpapọ̀, NESREA, àjọ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, wà láti 2007, ìlànà rẹ̀ lórí omi ojú ilẹ̀ àti abẹ́ ilẹ̀ sì jáde ní 2011. Àjọ agbada odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, náà ní ipa tirẹ̀. Ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn káńsù ìdàgbàsókè sílẹ̀, Olorunda àti Ìwọ̀ Oòrùn Àgbádárìgì sì wà lára wọn. Èyí mú káńsù túbọ̀ sún mọ́ ará ìlú, ó sì mú kí etí omi kan náà bọ́ sọ́wọ́ káńsù mẹ́ta. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà. Bí owó náà bá dé, àwáwí pé kò sí owó wolé-wolé yóò dínkù.

Ìhà Bẹ̀nẹ̀ àti àdéhùn láàárín aládùúgbò

Òfin tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 1999 fún àwọn kómúùnù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí iye wọn jẹ́ 77, ní iṣẹ́ ìpèsè omi àti ìmọ́tótó. Òfin omi Bẹ̀nẹ̀ jáde ní 2010. Ní 2000, orílẹ̀-èdè náà fi ìsàlẹ̀ Wẹ̀mẹ̀, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti Nokoué sínú ìwé Ramsar, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1997 lórí odò àjọni ní 2010, Bẹ̀nẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní 2012. Àdéhùn náà ní orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ lo odò lọ́nà tí yóò pa aládùúgbò rẹ̀ lára.

Àpẹẹrẹ bí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń di iṣẹ́ kò jìnnà. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dá àjọ kan sílẹ̀ fún odò Mono ní 2014. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ní Amẹ́ríkà, ìlú New York bá àwọn ìlú kéékèèké tó wà lókè omi rẹ̀ ṣe àdéhùn ní 1997: New York ń sanwó àtúnṣe ọ̀fìn ìdọ̀tí wọn, omi tó mọ́ sì ń wá bá a láìjẹ́ pé ó kọ́ ilé ìsẹ́mi olówó gọbọi. Ìsàlẹ̀ odò ran òkè odò lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì jèrè.

Ohun tó kan Topo

Ní 1876, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá oko ńlá sílẹ̀ ní Topo. Lónìí, ASCON, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wà níbẹ̀. Etí omi yìí bá ìkọ́ni mu, nítorí ohun tí òṣìṣẹ́ káńsù ní láti mọ̀ wà lójú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ káńsù láìdúró de àdéhùn ńlá: kí wolé-wolé ka kànga àti sàláńgá inú àgbàlá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wọn àárín wọn; kí ọjà àti ibi ìpẹran ní ibi ìkópàǹtírí tó jìnnà sí omi; kí gọ́tà tó já sí ọ̀sà di gbígbá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìkẹrin gba ìfọwọ́sowọ́pọ̀: kí àwọn káńsù mẹ́ta Àgbádárìgì, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ etí odò Yewa àti àwọn kómúùnù etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ máa bu omi yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ wọlé, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí Wẹ̀mẹ̀ kún, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ han ara wọn. Nígbà náà ni yóò hàn gbangba ibi tí ẹ̀gbin ti wá, káńsù tí ọ̀rọ̀ sì kàn yóò mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.