Olúlé àti Àlejò: Ilé Ère Òkúta Èsìẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ilé Ìtàn Ìlú

Ní ọdún 1945 ni ìjọba amúnisìn dá ilé kan sílẹ̀ ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti máa tọ́jú àwọn ère òkúta tí ó wà nínú igbó kan ní ẹ̀yìn ìlú náà. Òun ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ti Jos kò ṣí títí di ọdún 1952, ti Ifẹ̀ ṣí ní 1954, ti Èkó sì ṣí ní 1957. Èsìẹ́ kì í ṣe olú-ìlú ẹ̀kùn kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìlú tí ọba rẹ̀ lókìkí bíi ti Ọọ̀ni tàbí ti Aláàfin. Ẹ̀kùn Ìlọrin ni, lábẹ́ ìjọba Àríwá, ni wọ́n sì kà á mọ́ nígbà náà. Àwọn tí ó ń kọ̀wé lórí ilé yìí sábà máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo mẹ́nu ba ipò àkọ́kọ́ tí ó wà, wọn a sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ ta ni ó gbẹ́ àwọn ère náà àti ìgbà tí ó gbẹ́ wọn. Ìbéèrè pàtàkì ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ti bo ìbéèrè kẹta mọ́lẹ̀, èyí tí í ṣe irú ìtàn tí ilé náà wà láti sọ, àti ẹni tí ó ni ẹnu láti sọ ọ́.

Àwọn ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Kò sí ibòmíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ère òkúta pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sójú kan. Òkúta rírọ̀ tí ọ̀bẹ lè gé ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kò ga ju ọwọ́ ènìyàn lọ, àwọn mìíràn sì ga tó mítà kan. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Àwọn kan di idà mú, àwọn mìíràn mú ohun èlò orin lọ́wọ́. Irun orí wọn ni ó máa ń ya olùwòran lẹ́nu jù, nítorí pé oríṣiríṣi ni, ó sì hàn pé ẹni tí ó gbẹ́ ẹ fara balẹ̀. Ilà wà ní ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé èyí tí ó ti fọ́ pọ̀ ju èyí tí ó pé lọ: orí wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí iye tí ìwé kan sọ fi máa ń yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí orí kan àti ara kan bá wà nílẹ̀, ṣé ère kan ni tàbí méjì? Kò rọrùn láti dáhùn, pàápàá nígbà tí a kò tí ì mọ̀ bóyá ara náà ni ó ni orí náà.

Kí ni ìlú fúnra rẹ̀ sọ nípa wọn? Ìtàn àtẹnudẹ́nu Èsìẹ́ ní ẹ̀yà tí ó ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn fẹnu kò lórí ohun méjì. Èkíní ni pé àwọn baba ńlá àwọn ará Èsìẹ́ kọ́ ni ó gbẹ́ àwọn ère náà. Wọ́n bá wọn nínú igbó ni, ọdẹ ni ó sì kọ́kọ́ rí wọn. Èkejì ni pé ènìyàn ni wọ́n rí. Àlejò ni wọ́n, tí wọ́n wá sí ibẹ̀, tí wọ́n sì di òkúta. Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí èyí. Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń fi hàn pé ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Èsìẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú náà kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, bẹ́ẹ̀ ni kò fi wọ́n ṣe ẹ̀rí pé òun ni ó kọ́kọ́ dé. Ipò tí ó gbà ni ipò olúlé. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ti àwọn àlejò Èsìẹ́ yìí wá jẹ́ òtítọ́ gidi, nítorí ojú òkúta ni wọ́n ní.

Bí olúlé ṣe ń tọ́jú àlejò ni ọdún ère ń fi hàn. Nínú oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ṣe é. Aáwòrò ni ó ń ṣe ètùtù, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọba Ère ni ó sì gba ipò iwájú nínú ẹbọ. Àwọn tí ó ń wá ọmọ a wá tọrọ ọmọ, àwọn tí ó ti rí i gbà a wá dúpẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi a padà wálé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pe ọdún yìí ní ètò tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣe fún ará ìlú, bí àwọn ìwé ìrìn-àjò afẹ́ ṣe sábà máa ń sọ ọ́, wọ́n ti gbé e gba ẹ̀yìn. Ọdún ni ó ti wà kí ilé tó dé.

Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, ẹni tí ó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò fún ìjọ C.M.S., rí àwọn ère náà tí ó sì ròyìn wọn fún ìjọba. Wọ́n máa ń sọ nínú ìwé pé ọdún náà ni wọ́n ṣe àwárí wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣàwárí ohun tí odidi ìlú ń bọ. J. D. Clarke, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Òmù-Àrán tí kò jìnnà síbẹ̀, kọ̀wé lórí wọn ní 1938. Ní 1943 ni ìjọba fi Kenneth Murray sí ìdí iṣẹ́ àyẹ̀wò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jákèjádò Nàìjíríà, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ti Èsìẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ni Phillips Stevens ṣe iṣẹ́ tí ó kún jù lọ, tí ó to àwọn ère náà sínú ìwé, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1978. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí amọ̀ sísun tí ó wà láàárín àwọn ère tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Lórí ibi tí àwọn agbẹ́re ti wá, èrò kò ṣọ̀kan: àwọn kan ń wo Ifẹ̀, àwọn mìíràn ń wo ọ̀nà Tápà. Irú ère bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí ní Ìjárá àti Òfàrò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Èsìẹ́ nìkan.

Ó yẹ láti fi Ifẹ̀ wé e. Ní 1938, bí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmoníjẹ, wọ́n kan àwọn orí idẹ. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn àjèjì. William Bascom gbé méjì lọ sí Amẹ́ríkà, kò sì dá wọn padà títí di 1950. Ọ̀kan dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí ni ó kó àwọn tí ó kù pa mọ́ sí ààfin kí ilé tó wà fún wọn. Orí wọ̀nyí ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó hú wọn. Kò sí ẹni tí ó ń ṣọdún fún wọn ní ibi tí wọ́n wà ní ọdún 1938. Ti Èsìẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Lóòótọ́, bíbọ kò gba gbogbo wọn lọ́wọ́ olè, nítorí orí tí ó ti já rọrùn láti gbé. Síbẹ̀, pé èyí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ṣì wà níbi tí wọ́n bá wọn kò ṣẹ̀yìn ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ tí ìlú ní fún wọn. Ìlẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ nìkan kò tó, gẹ́gẹ́ bí olè tí ó wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ ní 1994 ti fi hàn.

Láti ọdún 1979 ni òfin ti fi irú ilé báyìí sábẹ́ àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àǹfààní wà nínú rẹ̀: òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́, ìwé àkọsílẹ̀, owó àtúnṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni orí àkọlé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ohun àfihàn. Bí àkọlé bá sọ irú òkúta àti ọjọ́ orí nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé tí ó wá wo ère yóò padà sílé láìmọ̀ pé àlejò ni ìyá rẹ̀ àgbà ń pè wọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ ìtàn àwọn tí ó di òkúta nìkan ni ó gbọ́, wọ́n ti fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́re pa mọ́ fún un, àwọn ènìyàn tí ó mọ òkúta í gé tí ó sì mọ irun í dì. Àwọn tí ó ń sọ pé kí ilé náà yan ọ̀kan nínú méjèèjì kò kíyè sí i pé ìtàn ìlú kò tako ti awalẹ̀pìtàn níbi tí ó ṣe pàtàkì jù. Àwọn méjèèjì gbà pé ère ti wà níbẹ̀ kí Èsìẹ́ tó dé, àti pé ẹlòmíràn ni ó ni iṣẹ́ náà. Ohun tí ó kù tí wọn kò tí ì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni orúkọ ẹlòmíràn yẹn. Títí di ìgbà tí ìwádìí ní Ìjárá àti Òfàrò yóò fi kún tó ti Èsìẹ́, kò sí ìdí tí orúkọ tí olúlé sọ àlejò rẹ̀ kò fi ní í wà lára ògiri pẹ̀lú èyí tí àwọn onímọ̀ ń dábàá, ní èdè Yorùbá, kí Aáwòrò àti ọmọ ilé ìwé lè jùmọ̀ kà á.