Àṣekágbá méjì lọ́dún kan: Onígbìndé àti Shooting Stars

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Óṣogbo àti Iléṣà, ìtàn òní kàn yín. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, Ọ̀yọ́ la wà, Shooting Stars Ìbàdàn sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìjọba wa.

Ní 1984, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, Adégbóyè Onígbìndé, ni kóòṣì wọn. Lóṣù kẹta, ó gbé Green Eagles dé àṣekágbá ife Áfíríkà. Kamẹrúùnù nà wọ́n 3-1. Lópin ọdún, ó tún gbé Shooting Stars dé àṣekágbá tiwọn. Zamalek nà wọ́n 2-0 ní Káírò, 1-0 l'Ékòó. Ni ìjọba ológun bá tú ẹgbẹ́ náà ká.

Lójú tèmi, kóòṣì ò kùnà. Ẹgbẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ ìjọba, ìbínú gómìnà kan ti tó láti fọ́ ọ. Ẹ bi bàbá yín ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà.